Ariwo Tí Ọmọ Aránṣọ Dà Kọ

"Ó ti yọ! Ẹ wò ó!"

Kíláàsì hó yèè. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tín-ín-rín kan ti dá dúró ṣánṣán láàárín ariwo. Olùkọ́bìnrin tó ń kọ́ wọn ní físíìsì pàtẹ́wọ́. "Ọmọ aránṣọ, o káre! Apá ibi tí o lọ ni àpótí wa wà."

Ọmọ aránṣọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú olùkọ́.

Àpótí yìí ni kíláàsì fi gbogbo sáà kàn. Bàlúùnù ńlá ló gbé e lọ sójú ọ̀run láti ya àwòrán, kó tó já síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Rédíò inú rẹ̀ ṣì ń pè, àmọ́ bátìrì ti ń kú lọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn láàárín ọjà lọ. Olùkọ́ wá pín wọn sí ìhà ìlú kọ̀ọ̀kan láti gba ohùn náà sílẹ̀.

"Ẹ gbà á pẹ́ o," ló kìlọ̀. "Ariwo kì í dún bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ìgbì rédíò tó ń gbé ọ̀rọ̀ kì í yí padà. Bí a bá gé ohun tí ẹ gbà sí wẹ́wẹ́, tí a tò ó léra, ariwo á pa ara rẹ̀, ìgbì á ṣẹ́ kù."

Oòrùn mú lọ́jọ́ tí ọmọ aránṣọ lọ gba tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu Oyin ní, "Gba díẹ̀, kí o dà á kọ léraléra. Ṣebí ariwo lariwo ń jẹ́? Jẹ́ ká lọ wo fíìmù nílé wa." Ọmọ aránṣọ sì gbà fún un. Kò mọ̀ pé ariwo kan náà tí a tò léra kì í parẹ́. Ńṣe ló ń ga sí i, tó ń gbé ẹ̀wù ìgbì wọ̀.

Nígbà tí kíláàsì jáde lọ wá àpótí náà, ìlà èké yẹn ló kó wọn wọ àbàtà. Olùkọ́ yọ̀ ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ ni òjò dé.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi," ni olùkọ́ ń wí. "Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ṣìṣirò."

Ọ̀rọ̀ yìí gún ọmọ aránṣọ lọ́kàn. Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọ inú rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́, mà. Èmi ni. Díẹ̀ ni mo gbà, mo sì dà á kọ léraléra."

Kò sẹ́ni tó bú u. Èyí ló burú jù.

Nígbà tí wọ́n yọ tirẹ̀ kúrò nínú ohùn tí wọ́n kó jọ, ìgbì tòótọ́ yọ níhà kejì ìlú. Wọ́n rí àpótí náà, àmọ́ omi òjò ti wọ inú rẹ̀. Gbogbo àwòrán ti bàjẹ́.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ tún wá ẹni tí yóò gba ohùn àpótí tuntun sílẹ̀. Ọmọ aránṣọ na ọwọ́, ojú ń tì í.

"Lọ," ni olùkọ́ wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹnìkan á tẹ̀ lé ọ."

Ó dùn ún ju ìgbátí lọ, síbẹ̀ ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó ti yé e wàyí: ìṣẹ́jú díẹ̀ ni irọ́ fi ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́, ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò fi sùúrù tún un kọ́.