Wòlímọ̀ Tí Àdìzát Sá Fún

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé inú Bàkárà lo máa dàgbà sí ni?"

Ààfáà Rùfáì ló bi Àdìzát bẹ́ẹ̀ ní ilé kéwú wọn ní Ọ̀tà, láyé ìjọba òyìnbó. Gbogbo ọmọ kéwú bú sẹ́rìn-ín, Àdìzát sì dorí kodò. Ó mọ súrà náà bí ẹní mowó, ńṣe ló ń mọ̀ọ́mọ̀ kólòlò.

Bàkárà ni wọ́n máa ń kà kẹ́yìn. Ẹni tó bá kà á tán ti parí Kùránì nìyẹn, ayẹyẹ wòlímọ̀ ló kàn. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún Mùíbátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi di ìyàwó ilé ní Ìgbẹ́sà. Àdìzát kò fẹ́ ìyẹn. Ó ti ka ìwé mẹ́fà, tíṣà ló sì fẹ́ ṣe. Tíṣà obìnrin kan a máa gba iwájú ilé wọn kọjá pẹ̀lú bàtà funfun, Àdìzát a sì máa wò ó títí yóò fi yà sí kọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ a máa fà á tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni Jìbírílù bàbá rẹ̀. Irú wọn kì í rán ọmọbìnrin lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà l'Ékòó, bó ṣe rò ó nìyẹn, kò sì bi bàbá rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ pè é sídìí ẹ̀rọ.

"Àdìzát, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa rí àyè ọmọbìnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ tíṣà l'Ékòó. Àwọn ló máa sanwó ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti parí Kùránì ni wọ́n ń fẹ́. Mo retí wòlímọ̀ rẹ títí, Ààfáà ní Bàkárà ò wọ̀ ọ́ lórí. Rùkáyátù ọmọ àbúrò mi la ti fún. Ìwọ máa wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi."

Bàkárà ló bọ́ sí Àdìzát lẹ́nu, ó ń kà á geere, ó sì ń sunkún. Jìbírílù gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"O mọ̀ ọ́n tó báyìí? Kí ló dé tó ò wí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé tí mo bá ti parí ẹ̀, ẹ máa fi mí fọ́kọ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Òun ló rò ó, tó sì gbà á gbọ́.

"O ò bá ti bi mí tẹ́lẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́."

Lọ́jọ́ tí Rùkáyátù ń lọ, Àdìzát ló bá a ru àpótí dé Ojú Ọ̀rẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Ọkọ̀ Èkó ti lọ tipẹ́, Àdìzát ṣì dúró sójú títì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn pinnu ọjọ́ iwájú yín, ẹ má sì fi ohun tí ẹ mọ̀ pamọ́ fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Bàbá Àdìzát kò sọ pé kó má lọ. Àdìzát ló ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀.