Orin Tí Ìyá Fi Ojú Gbọ́

Nínú ìsọ̀ oníná kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni Fẹ̀yìntọlá Adéwùnmí ti kọ́kọ́ rí Kìtán Ọlágúnjú, inú sì bí i sí ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Oṣù Kẹwàá ni. Fẹ̀yìntọlá wọ ọkọ̀ wá láti ìlú Oǹdó láti ra iná Kérésìmesì tí ó máa so sí iwájú ilé ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́ tètè padà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin gíga yìí dúró síwájú ẹni tó ń tajà, ó ń tan okùn iná kọ̀ọ̀kan wò, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé, kò sì bìkítà pé èèyàn mẹ́ta ti tò sẹ́yìn òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni Fẹ̀yìntọlá wí, "ṣé gbogbo gílóòbù inú ìsọ̀ yìí lẹ fẹ́ kà tán lónìí ni?"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ojú tì í. "Ẹ má bínú, àǹtí. Bí ẹyọ kan bá kú nínú wọn, orin mi á dàrú."

Ọ̀rọ̀ orin yẹn ló mú Fẹ̀yìntọlá dúró. Ó béèrè pé kí ló da iná pọ̀ mọ́ orin. Kìtán bá ṣàlàyé. Ó ní inú yàrá ìṣiṣẹ́ oníná ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, àti pé lọ́dún yìí òun fẹ́ ṣe ohun tí òun kò ṣe rí. Òun fẹ́ so iná mọ́ ojú ilé bàbá òun, kí kọ̀ǹpútà sì máa darí rẹ̀. Bí orin bá ti ń lọ, kọ̀ǹpútà á máa sọ ìgbà tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan máa tàn àti ìgbà tó máa kú, tí iná àti orin á fi jọ máa rìn pọ̀.

"Ìyá mi ì bá fẹ́ràn ẹ̀," ni Fẹ̀yìntọlá wí. Ẹ̀rín tó ń rín bá pòórá.

Kò mọ ohun tó mú òun sọ ìyókù fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó ní ìyá òun ló ń léwájú orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àwọn fún ọdún méjìdínlógún. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni àìsàn yírùnyírùn dá a dùbúlẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì dí pátápátá. Láti ìgbà náà, kò gbọ́ orin mọ́, kò sì kọ orin mọ́.

Kìtán tún ṣí ìwé rẹ̀. "Ohùn wo ni wọ́n máa ń kọ?"

"Tíréébù."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, sábẹ́ iye gílóòbù tó ti kà.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, Bámidélé ni orúkọ mi. Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé mi àti ilé Màmá Adéwùnmí ní Oǹdó, tẹ́nọ̀ ni mo sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ó ti léwájú. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, ojú mi ló ṣe; èyí tí kò ṣojú mi, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi.

Sátidé méjì kò tíì kọjá tí Kìtán fi dé ilé Màmá, pẹ̀lú àdírẹ́sì tí Fẹ̀yìntọlá fún un. Ó ní òun wá béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ Màmá nípa orin. A mọ̀ pé kì í ṣe Màmá nìkan ni ó wá rí. Ìwé kékeré kan wà tí Màmá máa ń gbé kiri, inú rẹ̀ ni a máa ń kọ ọ̀rọ̀ wa sí fún un, òun á sì fi ẹnu dá wa lóhùn. Kìtán kọ ọ̀rọ̀ kún ojú ewé mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Nígbà tó lọ tán, Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó ní sùúrù. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni kò dáa."

Láti ọjọ́ náà ni ètò iná ti di iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n ya ojú ilé Bàbá Ọlágúnjú sórí ìwé, fèrèsé mẹ́rin tó wà níbẹ̀, wọ́n sì pín ohùn fún wọn. Tíréébù ni iná funfun, áàtò ni búlúù, tẹ́nọ̀ ni àwọ̀ ewé, báàsì ni pupa. Kìtán fẹ́ kí iná máa ṣẹ́jú bí orin ṣe ń lọ lásán ni. Fẹ̀yìntọlá ló ní rárá. Ó ní kí wọ́n to gílóòbù bí àtẹ̀gùn sójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí iná máa gòkè bí ohùn bá ń gòkè, kí ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ bí ohùn bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Kìtán wò ó títí. "Fẹ̀yìntọlá, mo ti ka ìwé lórí nǹkan yìí fún ọdún méjì. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi."

Orin tí wọ́n mú ni orin Kérésìmesì kan tí olórin ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti dolóògbé kọ, tí Màmá Adéwùnmí fúnra rẹ̀ kọ́ wa. "Ọmọ dé, ilẹ̀ mọ́" ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kìtán gba ohùn wa sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tíréébù lọ́tọ̀, báàsì lọ́tọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohùn kan yàtọ̀ sí èkejì. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í. Ẹsẹ orin kan ṣoṣo gba ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn wá lójú kọ̀ǹpútà, ẹnu ya gbogbo wa. Àwọ̀ mẹ́rin ń rìn lọ, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń yà, ọ̀kan ń dúró de èkejì. Mo ti ń kọ orin yẹn láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, n kò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹni pé mo rí ojú ẹni tí mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Màmá, lọ́sàn-án gangan, ni Kìtán ti sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ìfẹ́ mi, iná yìí kọ́ ni mò ń rò mọ́ bí mo bá ń bọ̀ ní Oǹdó." Fẹ̀yìntọlá ní òun mọ̀. Ó ní òun náà kì í sùn dáadáa mọ́ bí Sátidé bá ku ọ̀la. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Kìtán mú un lọ rí àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbà á tayọ̀tayọ̀. Màmá Ọlágúnjú náà fún un ní oúnjẹ, ó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí olórin ni òun náà, ó ti ń kọ áàtò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Àkúrẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Fẹ̀yìntọlá padà, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Ó ní ọmọbìnrin náà dára, ó sì gbọ́n, àmọ́ à ń wo ìdílé ká tó fẹ́ ìyàwó. Ta ló mọ̀ bóyá dídi etí náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn? Kìtán ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yírùnyírùn títí, ìyá rẹ̀ kò gbà. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i.

Kìtán kò fi pamọ́. Ó wá sí Oǹdó, ó sọ ọ́ fún Fẹ̀yìntọlá bó ṣe rí. Ó dun obìnrin náà wọra. Ìyá rẹ̀ tó ti jìyà tó báyìí, òun náà ni wọ́n tún ń fi ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ náà ló wá sọ ọ́.

"Kìtán mi, bí ìyá rẹ bá tiẹ̀ gbà, mi ò lè fi tèmi sílẹ̀. Èmi ni etí wọn. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, èmi ni mò ń gbọ́. Bí mo bá lọ sí Àkúrẹ́, ta ló máa gbọ́ ọ fún wọn?" Ó ní kí ó má wá mọ́.

Kìtán kò bá a jiyàn. Ó lọ. Mo rí i bó ṣe ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, ìwé tó ya ilé sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, a kò gbúròó rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Wẹ́sídeè kan tí Fẹ̀yìntọlá wà níbi iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀, mo rí Kìtán lẹ́nu ọ̀nà Màmá. Mo tẹ̀ lé e wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ìgbéyàwó. Ó ní ilé bàbá òun ni òun fẹ́ so iná náà mọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orin Màmá ni, ilé Màmá ló yẹ kó wà. Fèrèsé mẹ́rin ló wà níwájú ilé tibí náà. Ṣé Màmá á gba òun láyè?

Màmá kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Àkàbà wà lẹ́yìn ilé."

Odindi ọjọ́ mẹ́rin ló fi ta wáyà. Fẹ̀yìntọlá dé ní ọjọ́ kìíní, ó bá a lórí àkàbà, ó sì kọjá wọlé. Ní ọjọ́ kejì, ó di àkàbà mú fún un.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Kérésìmesì ni wọ́n fi sí. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ti lù, ọyẹ́ ti ń fẹ́, kò sí iná ìjọba, ṣùgbọ́n bátìrì ni Kìtán lò. Gbogbo àdúgbò jáde. Bàbá Ọlágúnjú ti bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ wo nǹkan mìíràn. Ó wá, ó ká ọwọ́ gbera, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màmá Adéwùnmí jókòó sórí àga níwájú ilé rẹ̀.

Kìtán tẹ kọ̀ǹpútà. Orin bẹ̀rẹ̀, iná funfun sì gun fèrèsé lọ sókè díẹ̀díẹ̀, búlúù tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé, pupa. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ilé tí a ti ń rí lójoojúmọ́ di ohun abẹ̀mí lójú wa.

Màmá kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí iná tó dára. Nígbà tó di ìlà kẹta, ó tẹ̀ síwájú. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu orúnkún rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí fèrèsé tíréébù.

"Iná funfun yẹn," ni ó wí, "èmi nìyẹn."

Ìgbà náà ni sípíkà han gooro, tó sì kú. Orin dá. Iná kò dá, ó ń lọ láìdúró nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Jìnnìjìnnì bo Kìtán, ó sáré lọ síbi kọ̀ǹpútà láti pa gbogbo rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fọwọ́ kàn án. Gbọ́."

Màmá ń kọrin. Kò mọ̀ pé orin ti dá. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ó kọ́kọ́ ṣìnà díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí iná funfun wà gan-an ni ó wà. Bí iná bá gòkè, ó gòkè. Bí iná bá dúró, ó dúró. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ sọnù nínú orin náà.

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bá a gbè é. Mo kàn rí i pé iná àwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì la ẹnu. Àwọn báàsì wọlé láti ẹ̀yìn. Àwa akọrin tó wà láàárín èrò, kálukú ń wo fèrèsé tirẹ̀. Áàtò kò tó nǹkan, nítorí ẹni kan ṣoṣo nínú wọn ló wá. Ní ẹsẹ kejì, mo gbọ́ áàtò mìíràn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, ohùn kan tó jinlẹ̀, tó ń wá ọ̀nà, tó ń fi ojú tẹ̀ lé iná búlúù. Màmá Ọlágúnjú ni. Ó ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀.

Nígbà tí iná kú lẹ́ẹ̀kan náà níparí orin, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù ohun tí a rí ń bà wá, ẹ̀rù tó dùn.

Màmá Ọlágúnjú lọ bá ìyá Fẹ̀yìntọlá níbi tó jókòó. Ó gba ìwé kékeré náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ̀wé sí i lórí itan ara rẹ̀, ó sì gbé e fún un. Màmá ka ohun tó wà níbẹ̀ jáde kí gbogbo wa lè gbọ́: "Ẹ foríjì mí. Mo wá tọrọ ọmọ yín fún ọmọ mi."

Ó wo Fẹ̀yìntọlá. Fẹ̀yìntọlá gba ìwé, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Màmá kà á, ó pa ìwé dé.

"N kò bí ọ kí o lè jẹ́ etí fún mi," ni ó wí. "Ọmọ ni mo bí. Bámidélé wà lẹ́yìn ògiri, ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ìkángun òpópó. Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

Fẹ̀yìntọlá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Kìtán, ọkọ ọmọ mi, tún un tàn."

Oṣù Kẹrin ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo bá wọn di ẹrù sínú ọkọ̀ tí Kìtán yá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Màmá Adéwùnmí dì mọ́ ọmọ rẹ̀ pẹ́, ó súre fún un, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò sunkún. Fẹ̀yìntọlá ló sunkún, ó sun ún láti àdúgbò wa títí wọ́n fi kọjá Òwenà. Kìtán kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra ń wakọ̀ lọ, títí òkè Àkúrẹ́ fi yọ.