Ìbéèrè Tí Teck Wah Fò

Ọwọ́ ọkùnrin náà ti wà lára ẹ̀ka sakúrà, igi olódòdó ilẹ̀ Japan, kí Hwee Leng tó rí i. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, òdòdó funfun àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ń já bọ́ sórí ìyá ọkùnrin náà, ìyá náà sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bí ẹni pé ọgbà ilé wọn ni.

Oṣù mẹ́ta ni Hwee Leng fi tọ́jú igi yẹn nínú yàrá òtútù. Síńgápọ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ òtútù. Tí wọn ò bá fi ẹ̀rọ amúlétutù tan igi náà jẹ, kò ní yọ òdòdó kankan nínú ọgbà onígíláàsì tó ti ń ṣiṣẹ́, tí àwọn èèyàn ń sanwó wọ̀ wá wo òdòdó. Inú bí Hwee Leng.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀! Ṣé bàbá yín ló gbìn ín ni?"

"Ẹ má bínú, àǹtí."

"Àǹtí ta ni? Ṣé mo jọ àǹtí yín?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Teck Wah ló ń jẹ́, ọkọ̀ ojú irin ló ń tún ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, ó gbé kọfí gbígbóná dání fún un nítorí òtútù ibẹ̀. Hwee Leng ní wọn kì í gbé kọfí wọ ibẹ̀, àbí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ni? Teck Wah jáde, ó lọ mu ún tán, ó padà wọlé lọ́wọ́ òfo.

"Kí lẹ tún fẹ́?"

"Kí ẹ tún bá mi wí díẹ̀ sí i."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Hwee Leng, inú sì bí i pé ó bọ́. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí sakúrà tún tanná lọ́dún kejì, Teck Wah mú un wá sábẹ́ igi lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Hwee Leng mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gbọ́.

"Ayọ̀ mi," Teck Wah ní, "ìjọba ti gbé fúláàtì tuntun jáde ní Queenstown! Jẹ́ ká forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀. Màmá mi ti bá wa yan àjà kẹẹ̀ẹ́dógún."

"Ṣebí àwọn tó fẹ́ fẹ́ra wọn ni wọ́n ń fún? Ta ló ní mo máa fẹ́ ẹ?"

"Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni? Báwọn ọ̀rẹ́ wa ṣe ṣe é nìyẹn."

"Èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí àjà kẹẹ̀ẹ́dógún?"

Àwọn tó ń ya fọ́tò yíjú padà. Kí wọ́n máa wò! Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba ilé lọ.

Bàbá rẹ̀ ò gbè é. "Èèyàn mélòó ló ń rílé ní Queenstown? Bí èmi àti ìyá rẹ náà ṣe ṣe é nìyẹn."

Ìyá rẹ̀, tó ń ha ẹja lọ́wọ́, ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"O ò bi mí rí bóyá màá fẹ́ ọ," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Fọ́ọ̀mù lo gbé wá. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé, ó ṣì ń dùn mí."

Ẹ̀rù ba Hwee Leng ju bí inú ṣe ń bí i lọ. Òun náà lè gbé irú ìbínú yìí sínú títí dọjọ́ ogbó nínú ilé ìdáná tirẹ̀.

Teck Wah pè é títí, kò gbé e. Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Láàárọ̀ Sátidé, Teck Wah wá bá a níbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ náà lánàá. Mi ò forúkọ wa sílẹ̀."

"Orí ẹ pé ṣá? O ò tiẹ̀ wá bá mi nílé! Ìgbà wo ni irú ẹ̀ tún máa jáde?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kílé kankan wà lẹ́nu mi tí mo bá ń bi ọ́. Hwee Leng, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Inú bí Hwee Leng nítorí ilé tó lọ. Inú bí i nítorí oorun tí kò sùn, àti nítorí omi tó ń bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Mo gbà," ó ní, ó ń na ìka sí i. "Má rò pé inú mi ti rọ̀ o."

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Tún béèrè. Kó dún sókè. Mo fẹ́ lọ sọ fún màmá mi bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá bi èèyàn."

Teck Wah mí kanlẹ̀, ó tún béèrè.