Ẹ̀bẹ̀ Tí Àlàmú Bá Safurat Bẹ̀

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Safurat wà nígbà tí Àlàmú kọ́kọ́ rí i. Ó tẹ́ aṣọ pupa kan sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ní Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òsì, ó sì ń fa ìlà gbọọrọ láìwo tépù rárá. Àlàmú gbàgbé pé òun ò tíì kí ẹnikẹ́ni.

Ìwé kan ló gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún 1987 yẹn, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aránṣọ ní Tákíè, òun ló sì dá ìwé náà sílẹ̀. Ọ̀gá tàbí ọmọ iṣẹ́, ẹni tó bá wù ú lè kọ ọ̀nà tó ń gbà gé aṣọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ju ìyẹn lọ á fa igi lé e, á kọ tirẹ̀ sábẹ́. Kò sí orúkọ, kò sí Alhaji, kò sí Ọ̀gá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́tò á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Ọ̀yọ́. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, á gbé e padà. Àwọn ọ̀gá tó ti ń fi ọgbọ́n iṣẹ́ pamọ́ láti ogún ọdún kùn títí, ṣùgbọ́n ìwé ń kún.

Ọwọ́ ìkọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó máa ń dà sẹ́yìn, tí kì í yé fa igi lé ti Àlàmú fúnra rẹ̀. Bó ṣe rí ọwọ́ òsì yẹn báyìí, ó mọ̀ pé ọmọ yìí ló ń kọ ọ́.

"Ṣé ìwọ lo ní apá búbá mi á máa ha èèyàn lábíyá?"

Safurat bojú wolẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ wọ̀ ọ́ wò ná, kẹ́ ẹ tó bínú."

"Mo ti wọ̀ ọ́. Ó ha mí."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, Àlàmú kò jẹ́ kí mọ́tò nìkan gbé ìwé mọ́.

"Ẹ ò níṣẹ́ ní Tákíè ni?" Safurat á bi í.

"Iṣẹ́ mi rèé, olólùfẹ́ mi. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé apá."

Bàbá Safurat gbà kó fẹ́ ẹ, wọ́n ní kó jẹ́ kọ́mọ ṣe fúrídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ tó ń kọ́ ná. Ó ku oṣù mẹ́ta péré.

Àsìkò yẹn ni alága ẹgbẹ́ kọ bó ṣe ń gé ṣòkòtò sínú ìwé. Safurat fa igi lé e gbàgà, ó ní irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ á máa ya nídìí. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta kọ "òótọ́ ni" sábẹ́ rẹ̀.

Nípàdé, alága gbé ìwé sókè. "Ta ló kọ èyí?"

Ó yẹ kí Àlàmú dákẹ́. Òun ló ṣe òfin pé a kì í dárúkọ. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọmọ náà yangàn.

"Safurat ni, sà, ọmọ iṣẹ́ Ìyá Zulaikha ní Ọ̀yọ́. Àfẹ́sọ́nà mi ni."

Ó rò pé wọ́n á pàtẹ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú Safurat wá, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Alága ní àwọn á fi ọdún kan kún ẹkọ́ṣẹ́ rẹ̀.  Àlàmú dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọdé ló ń ṣe é, kò mọ̀. Mo bá a bẹ̀ yín."

Bí a ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn, alága sì rọ̀, ó sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà. Gbogbo wọn ló ń kí Àlàmú pé ó ṣe ọkùnrin.

Ní gáréèjì, Safurat wò ó. "Ṣòkòtò yẹn, ṣé kì í ya ni?"

"Ó ń ya."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá dọ̀bálẹ̀, ẹ ní mi ò mọ̀." Ó wọ mọ́tò lọ.

Láti ọjọ́ náà, òfìfo ni ìwé ń padà dé. Ọmọ iṣẹ́ kankan kò kọ nǹkan sí i mọ́. Àlàmú ń lọ sí Ọ̀yọ́, Safurat á kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ káàsán, sà," bíi pé oníbàárà ló dé. Àbámọ̀ kò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ.

Lọ́jọ́ fúrídọ̀ọ̀mù rẹ̀, tálága àtàwọn àgbà ti jókòó, Àlàmú dìde.

"Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ lọ́jọ́sí, irọ́ ni. Safurat mọ ohun tó kọ, òótọ́ ló sì kọ. Èmi ni mo ba òfin ìwé jẹ́, èmi náà ni mo pè é ní ọmọdé."

Alága ní kí ẹgbẹ́ wá akọ̀wé mìíràn. Àlàmú ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Safurat bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?" Àlàmú bi í.

"Màá fẹ́ yín. Ẹ̀yin nìkan náà ló wù mí." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó kọ 'òótọ́ ni' yẹn, ìbẹ̀rù ò tíì jẹ́ kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n so yìgì lóṣù kejì. Ìfẹ́ wọn dùn, ó dùn gan-an. Àlàmú ra ìwé tuntun, ó gbé e sórí tábìlì níwájú ìyàwó rẹ̀. Bó bá gé aṣọ tí kò dára, Safurat á sọ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi," Àlàmú á ní.

"Mo ti sọ ọ́ fún yín, olówó orí mi. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Kì í fi ìbínú sọ ọ́, ìwé tuntun náà sì wà ní òfìfo. Ìyẹn gan-an ló máa ń dun Àlàmú.