Ọ̀rọ̀ Tí Alága Kò Rí Sọ Tán

Ilẹ̀ yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ni wọ́n ti bá Alága. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Ojú okùn tín-ín-rín kan yí ọrùn rẹ̀ ká, ẹ̀jẹ̀ imú sì ti gbẹ mọ́ àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ilé náà, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń ṣiṣẹ́. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Obìnrin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Elétí-Ehoro ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, etí ló máa ń dẹ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkú náà, ó fi ìka tọ ojú okùn náà.

“Okùn tí wọ́n hun ni,” ló wí. “Kò nípọn, ṣùgbọ́n kò lè já.”

Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, àwọn wo ló wọlé láàárọ̀ yìí?”

“Yàtọ̀ sí Alága, àwọn mẹ́ta péré, mà. Kóòṣì tí wọ́n lé wá kó ẹrù wọn. Balógun ẹgbẹ́ wá sáré. Igbákejì kóòṣì náà dé. Kò tíì sẹ́ni tó jáde.”

“Alága sọ nǹkan kan fún yín?”

“Wọ́n ní kóòṣì tuntun máa dé kílẹ̀ tó ṣú, kí n ṣílẹ̀kùn. Mo béèrè orúkọ. Wọ́n ní ẹnu mi ò ní ìdérí.”

Gbogbo ìlú ló ń wá orúkọ yẹn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ti jẹ ìyà títí ó fi já sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Látìgbà tí wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí kò ní ẹni tirẹ̀. Rédíò ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ọkùnrin tó ti darí ẹgbẹ́ ńláńlá. Àwọn mìíràn ní Bàbá Onífìlà ni, tó ti gba ife kí ìdajì àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí tó dáyé. Lónìí ni Alága ìbá kéde rẹ̀.

Elétí-Ehoro wo ojú fèrèsé. Bó bá jẹ́ nítorí orúkọ yẹn ni wọ́n ṣe pa Alága, ẹni tó pa á kò ní dá ẹni tó ni orúkọ náà sí. Apààyàn wà nínú ilé yìí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun sì ń bọ̀ lọ́nà, kò sẹ́ni tó lè pè é padà, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Fóònù Alága ti di àwátì.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n lé ló kọ́kọ́ bi. Ó ń kó ìwé sínú páálí, fèrè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn.

“Ẹ kórìíra Alága?”

“Ta ni kì í kórìíra ẹni tó lé e? Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ pa wọ́n ni, ọjọ́ tí wọ́n lé mi ni n bá ti ṣe é. Ọjọ́ yẹn gan-an ni orí mi gbóná.”

“Ta ló máa gba ipò yín?”

“Ẹni tí ojú ń yún láti sunkún.”

Elétí-Ehoro gbé fèrè náà lọ́wọ́. Rọ́bà ni okùn rẹ̀, ó ń dán, ó sì fẹ̀. Ó fi í sílẹ̀.

Balógun ẹgbẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yìnyín wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

“Wọ́n ní ìwọ náà fẹ́ di kóòṣì.”

“Orúnkún mi méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, mà. Mo ń wá iṣẹ́ tí wọ́n ti ń jókòó ṣe ni. Mo bẹ Alága. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín.”

“Ó dùn ẹ́?”

“Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n orí pápá ni mo wà látàárọ̀. Ẹ bi igbákejì kóòṣì. Wọ́n bá mi níbẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n pàtẹ́wọ́ pè mí.”

“Wọ́n pàtẹ́wọ́?”

“Ó ya èmi náà lẹ́nu. Fèrè wọn kì í kúrò lọ́rùn wọn. A máa ń sọ pé wọ́n ń gbé e wẹ̀ ni.”

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

“Ta ló ń fọṣọ?”

Balógun fajú ro. “Mi ò mọ̀, mà. Àná la fọ aṣọ wa tán.”

Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ẹnubodè. Ẹ-pẹ̀lẹ́ ni ìnagijẹ rẹ̀. Ọ̀gá ni o, ọmọ iṣẹ́ ni o, bákan náà ló ń kí wọn. Wọ́n ní ajá ẹnubodè gan-an, “Ẹ yàgò” ló máa ń sọ fún un.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jókòó.” Ó yíjú sí ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé Elétí-Ehoro wá. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà.”

“Ẹ rí Alága lónìí?”

“Rárá o. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n ni rédíò ń pè.”

“Wọ́n mọ iṣẹ́. Tí wọ́n bá dé, n ó sìn wọ́n.”

“Àbí Bàbá Onífìlà?”

“Àgbà ni wọ́n. N ó bá wọn gbé báàgì.”

“Ó dáa. Ẹ̀ṣọ́ ní kóòṣì tuntun ti wà lọ́nà.”

Ọwọ́ Ẹ-pẹ̀lẹ́ lọ sí àyà rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún wo ẹnubodè.

“Kó má wulẹ̀ dé,” ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Kó yáa padà sílé ẹ̀. Kí ló mọ̀?”

Kọ̀. Kọ̀.

Elétí-Ehoro kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó sọ fún ọlọ́pàá náà jẹ́ẹ́jẹ́ pé: “Sọ̀ kalẹ̀. Pa ẹ̀rọ yẹn. Yẹ àpò gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wò.”

Ariwo náà dáwọ́ dúró.

Aṣọ ìdárayá kan ṣoṣo ni ọlọ́pàá náà gbé wá, omi ń ro lára rẹ̀. Nínú àpò rẹ̀, fóònù Alága. Nínú àpò kejì, fèrè onírin kan, tòun ti okùn híhun rẹ̀.

“Ẹ fi okùn fèrè yín fún wọn lọ́rùn,” ni Elétí-Ehoro wí. “Ẹ̀jẹ̀ wọn ta sí yín lára. Ẹ fẹ́ kí omi fọ ẹ̀jẹ̀, kó sì ba fóònù jẹ́. Ẹ gbàgbé pé irin kì í dákẹ́ nínú ẹ̀rọ.”

“Ẹnikẹ́ni lè ju aṣọ mi síbẹ̀, mà.”

“Ẹnu yín ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ‘wọ́n.’ Bàbá Onífìlà, ‘wọ́n.’ Ajá lásán, ‘ẹ.’ Ta wá ni kóòṣì tuntun tí ẹ̀yin ń pè ní ‘ó’? Ẹnì kan ṣoṣo ni irú yín lè pè bẹ́ẹ̀: ọmọ tí ìyá yín bí lé yín. Kò sí rédíò tó dárúkọ ẹ̀. Ibo lẹ ti gbọ́ ọ, bí kò ṣe lẹ́nu Alága?”

Ẹ-pẹ̀lẹ́ jókòó wọ̀ọ̀.

“Mo pọ̀n ọ́n,” ló wí. “Èmi ni mo kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Kóòṣì wo ni n kò tíì sìn níbí? Lọ́jọ́ tó yẹ kó kàn mí, Alága pè mí, wọ́n ní àbúrò mi làwọn mú. Wọ́n ní, ‘Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan…’ N kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ṣé kí ó jókòó, kí èmi dúró? Ṣé kí n máa pe àbúrò mi ní ọ̀gá?”

“Ká ní ó dé tí a ò sí níbí, kí lẹ̀ bá ṣe?”

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n ń mú un sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹnubodè ṣí. Obìnrin kan wọlé, báàgì kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Balógun ẹgbẹ́ lanu sílẹ̀. Látàárọ̀, kò sẹ́ni tó rò ó pé obìnrin ni kóòṣì tuntun. “Ó” kì í sọ ìyẹn. Ọjọ́ orí nìkan ló ń sọ.

Obìnrin náà rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Ṣé Alága ti bá yín sọ̀rọ̀? Mo ní n kò ní gbà á àfi tí ẹ bá lóhùn sí i. Mo ní tí ẹ bá kọ̀, ẹ̀yin ni kí wọ́n gbé e fún. Kí lẹ wá sọ?”

Ọkùnrin náà wò ó títí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ló wí fún un.

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi! Èmi náà lẹ ń sọ ‘ẹ’ fún?”

Ìgbà náà ló rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.