Ọ̀tà Kì í Ṣe Ọ̀tá

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Àpọ́nlé kọ sí ọkùnrin tó padà wá fẹ́ ẹ, èébú ni. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín torí kí ìtàn lè dùn. Èébú gidi ni, ó sì wà níbi tó kọ ọ́ sí títí di òní. Ẹni tó bá wù lè lọ kà á.

Ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan ni. Eruku ọ̀nà àti èéfín iléeṣẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ ọyẹ́, gbogbo Tóògéètì Ṣàngó ní Ọ̀tà wá rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí inú àlá. Àpọ́nlé jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé, ó di káàdì ìpè kan mú, omi sì lé ròrò sí i lójú. Bàbá rẹ̀, Alájì Jìbírílù káfíńtà, àti àwọn ará àdúgbò wọn ló fẹ́ ṣí mọ́ṣáláṣí tuntun. Òun ni wọ́n ní kó ṣe káàdì tí wọn yóò fi pe ìlú.

Ó kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i, ó wá gbé e fún Fàmìsí. Fàmìsí yìí, ètò kọ̀ǹpútà kan ni tó máa ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, wọ́n tú inú rẹ̀ palẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kó wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kó sì bá wọn tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Fàmìsí ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà, àfi ní ojú kan. Níbi tó yẹ kó ti kọ "Gbogbo ọmọ Ọ̀tà, ẹ káàbọ̀", ohun tó kọ ni "Gbogbo ọmọ ọ̀tá, ẹ káàbọ̀".

Káàdì ti dé ọwọ́ lémọ́mù àti gbogbo àgbà àdúgbò kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹni tó bá ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Alájì kọjá a máa kí i pé, ọmọ ọ̀tá, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìyẹn ló gbé Àpọ́nlé dé ojúùwé àròyé Fàmìsí, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin tí ẹ ṣe nǹkan yìí, ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá rárá, àbí ẹ kàn ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lókèèrè ni? Ẹ sọ bàbá mi di ọmọ ọ̀tá nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Orí yín ò pé."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ètò náà, tó ń jẹ́ Seth, ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un, ó sì ní ojú, kí ló dé tí kò kà á kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ń di ariwo. Àpọ́nlé ti tún aṣọ ró de ìjà nígbà tí ẹnì kẹta wọlé.

"Seth, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n bínú. Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Èmi gan-an ni mo to ọ̀rọ̀ yẹn sínú àkójọ, ọ̀tá nìkan ni mo rántí, mo gbàgbé ìlú yín. Ẹ bá wa fi síbẹ̀ bí ẹ ṣe ń pè é, kó má baà ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀. Ẹ sì bá mi bẹ Bàbá. Bọ̀wálé."

Àpọ́nlé wá ẹni tí yóò bá jà, kò rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ka ibi tó ti ní kó bá òun bẹ Bàbá, inú rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó fi Ọ̀tà sínú àkójọ náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Bọ̀wálé dúpẹ́, ó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì béèrè pé Aponle yìí ńkọ́, ṣé àpọ́nlé tí wọ́n fi ń pọ́n àgbà lé ni? Àpọ́nlé ní òun náà ni. Bọ̀wálé ní orúkọ náà yẹ wọ́n. Òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé orí wọn ò pé! Ojú tì í débi pé ó pa kọ̀ǹpútà náà.

Ṣùgbọ́n ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ń lọ títí ó fi di ọdún kan ààbọ̀. Ó kọ́ ìṣe ibẹ̀ lọ́wọ́ Bọ̀wálé: pé èèyàn kì í kàn wí pé nǹkan kò ṣiṣẹ́, kó sì dákẹ́, á sọ ohun tí òun ṣe, ohun tí òun rí àti ohun tí òun ń retí. Pé bí iṣẹ́ ẹnìkan bá kù díẹ̀ káàtó, iṣẹ́ là ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Àpọ́nlé to orúkọ àwọn àdúgbò Ọ̀tà àti Àtàn síbẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá bàbá rẹ̀ máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ Bọ̀wálé kì í kúrò ní "ẹ jọ̀wọ́ mà". Tirẹ̀ náà kì í kúrò ní "ẹ ṣeun sà".

Nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀, tí oòrùn bá pọ́n lẹ́yìn èéfín àwọn iléeṣẹ́, Àpọ́nlé á jókòó, á máa rò ó bóyá Bọ̀wálé ti sọ̀rọ̀. Ó ti ya àwòrán rẹ̀ sọ́kàn: bàbá arúgbó, onírùngbọ̀n funfun, tó ń mu tíì níbi tí òtútù wà. Ó fẹ́ràn bàbá yìí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń bi ara rẹ̀ pé irú kí rèé, ìwọ Àpọ́nlé.

Lọ́jọ́ kan ni Bọ̀wálé kọ ọ́ pé kí àwọn tó bá wà nítòsí wá pàdé ara wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ibi tó ní kí wọ́n wá, ọgbà yunifásítì ìjọ kan ni, lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Àpọ́nlé fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ̀ kan péré ló máa wọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, àga onítìmùtìmù kan wà láàárín àwọn àga oníke. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú títì gba orí rẹ̀ kọjá. Àpọ́nlé ní òun ń wá Bàbá Bọ̀wálé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ni Bọ̀wálé, kí wọ́n má bínú, Màmá Àpọ́nlé ni òun ń dúró dè.

"Èmi ni Àpọ́nlé."

Eékún tó ti fi pamọ́ de bàbá arúgbó ti kanlẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Àyà Bọ̀wálé náà ti ń lọ sílẹ̀ fún màmá. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ojú ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí àwọn yòókù fi jáde wá wò wọ́n. Àga onítìmùtìmù yẹn, kò sẹ́ni tó jókòó sí i títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rìn pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdíròkò, nígbà tí àwọn akọrin ìjọ bá ń kọ́ orin lápá kan, tí ìpè àdúrà sì ń wọlé lápá kejì, tí ohùn méjèèjì á máa fò lókè orí wọn. Ìrọ̀lẹ́ kan báyìí ni Bọ̀wálé dúró.

"Àpọ́nlé, láti ọjọ́ tí o ti bú mi ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ rẹ lójoojúmọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa pè é ní "o". Àpọ́nlé ní òun náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé òun ti ń fẹ́ràn rẹ̀ bọ̀ láti ìgbà tó ti nírùngbọ̀n funfun.

Ó wá ku ilé. Ìyá Bọ̀wálé, tó tẹ̀lé ìjọ wá sí Ọ̀tà láti Iléṣà, kọ́kọ́ fajú ro, pé ọmọ mùsùlùmí kẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí Àpọ́nlé wá kí i lẹ́ẹ̀kejì, tó sì bá a dárúkọ gbogbo ewé tó gbìn sẹ́yìnkùlé, ojú rẹ̀ là. Alájì ni kò rọrùn. Kì í ṣe ti ẹ̀sìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nílé onígbàgbọ́ ní Àtàn, wọ́n sì ń gbé ní ìrẹ̀pọ̀. Ìwádìí ló ká a lára. Ọ̀tà tí wọ́n bí òun sí, ó ní wọ́n máa ń béèrè irú ẹni tí ọkọ ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ ará ilé àti aládùúgbò.

"Àwọn wọ̀nyí, àná ni gbogbo wọn dé. Ta ni kí n bi? Ṣé kí n bi géètì yunifásítì ni? Ọkùnrin náà tiẹ̀ kọ́ ló fi mí ṣe ọmọ ọ̀tá?"

Àpọ́nlé ní ibì kan wà tí wọ́n lè bi. Ó ní ọdún márùn-ún ni Bọ̀wálé ti fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lójúùwé yẹn, àtèyí tó dùn àtèyí tó korò, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Alájì rò ó títí. Ó ní ó dáa, kó wá kà á fún òun, gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n máa bọ̀. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kó gbàgbé ọkùnrin náà.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù wá ba Àpọ́nlé. Nítorí ó mọ ibì kan lójúùwé náà, ṣáájú ìgbà tí òun débẹ̀. Ọmọ Ìlọrin kan tó ń jẹ́ Umar, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, béèrè ìbéèrè. Bọ̀wálé dá a lóhùn pé ìbéèrè òmùgọ̀ nìyẹn, kó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Umar kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó lọ bá Bọ̀wálé. Ó sọ ohun tí bàbá òun béèrè, ó dárúkọ Umar, kò lè sọ ìyókù tán. Ó kàn ní kọ́kọ́rọ́ ojúùwé náà ṣáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ mi," Bọ̀wálé ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á rẹ́, ẹlòmíì ni Bàbá máa fi ọmọ fún, kì í ṣe èmi. Kà á fún wọn, olólùfẹ́ mi. Má fò ó."

Ọ̀sán mẹ́ta ni Àpọ́nlé fi ka ojúùwé náà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òun ti wọlé, ó ń fi ti Umar falẹ̀. Alájì ń fi ìfági fá pákó, ó ń gbọ́, èérún igi ń fò nínú oòrùn yí wọn ká. Nígbà tó kà á dé orí yín ò pé, ìfági dúró.

"Ta ló sọ ìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ tí mo sọ ní Àpọ́nlé." Alájì mi orí. "Ohun tó sì fi dá ọ lóhùn ni pé kí o bá òun bẹ̀ mí. O ò jíṣẹ́ yẹn fún mi rí."

Lọ́sàn-án kẹta ló wá ka ti Umar. Alájì béèrè bóyá Bọ̀wálé bẹ Umar lẹ́yìn náà. Àpọ́nlé wo ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹni tí kò tíì bẹ Umar, kí ló fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi fún? Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí Umar bá wí."

Bọ̀wálé kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, sábẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà, lójú gbogbo ayé: "Umar, ọdún mẹ́rin ni mo fi pẹ́. Ìbéèrè yín dára, èmi ni mi ò ní sùúrù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí." Nígbà tí Seth rí i, òun náà lọ sábẹ́ àròyé Àpọ́nlé, ó tọrọ àforíjì.

Umar kò fèsì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì, ìkẹta. Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àpọ́nlé á máa tẹ ìwé oníwèé, á máa wo omi tó ń ṣàn lójú fèrèsé, á sì máa rò ó pé ẹnìkan tí òun kò rí rí ní Ìlọrin ló di ayé òun mú, kò sì tilẹ̀ mọ̀. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, ó nu ojú, ó tún wò ó. Kò sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ó bá ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí púpọ̀. Oṣù mẹ́fà ni mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, ó tán. Mo ṣì ń lo Fàmìsí. Bí mo bá fẹ́ kọ àna, àná ló máa ń kọ. Mo kọ lẹ́tà kí àwọn àna mi, ó di pé mò ń kí àwọn àná mi. Mo ti tún un ṣe, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dáa. Umar."

Àpọ́nlé sáré nínú òjò dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó kà á fún un pẹ̀lú omi lójú àti omi lára. Nígbà tí Alájì gbọ́ ti àna, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó lórí pákó. Ó ní kí Àpọ́nlé ṣe káàdì ìgbéyàwó wá, kí òun kọ́kọ́ rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹyọ kan wá. Alájì wọ gíláàsì rẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ Bọ̀wálé, orúkọ Àpọ́nlé. Ó dé orí "gbogbo ọmọ Ọ̀tà", ó dúró síbẹ̀, ó gbé káàdì súnmọ́ ojú, ó wo àmì orí rẹ̀. Ó tún lọ síwájú díẹ̀, ó rí àna, ó wo ìyẹn náà.

"Tẹ̀ ẹ́," Alájì ní. "Ti Umar ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́."