Ọwọ́ Tó Gbé Ìyá Ìyàwó Sínú Ọkọ̀ Ìsọjí

Bí ẹ bá mọ gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó mọ̀ pé ibẹ̀ kì í rọrùn. Kò tíì pẹ́ tí a gba Ìpínlẹ̀ Èkìtì nígbà náà. Nọ́ńbà Oǹdó ṣì wà lára ọkọ̀ wa, epo ò sì sí. Ọkọ̀ tó bá dé, jíjà ni.

Èmi ti rí àyè jókòó nínú bọ́ọ̀sì tí ìjọ wa fi ń kó èèyàn lọ síbi ìsọjí ní Adó. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo jókòó sí, torí mo máa ń fẹ́ rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Orúnkún ló ń dà mí láàmú. Àdúrà orúnkún ni mò ń bá lọ.

Ni takisí Ìgbàrà-Odò bá já obìnrin kan sílẹ̀. Ó wọ léèsì, gèlè rẹ̀ ga bí òkè, ó gbé báàgì kọ́ apá. Ọ̀pá funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Afọ́jú ni. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó dẹ etí sí ibi tí àwọn agbèrò ti ń pariwo ìlú.

Fúnṣọ́, agbèrò tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ wa, rí i.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Tiwa nìyí! Bùrọ́dà Ebenezer, ẹ sáré wá!"

Bùrọ́dà Ebenezer ló máa ń fi ìjókòó han èèyàn nínú ìjọ wa. Èèyàn rere ni. Kì í rí ẹrù lórí arúgbó kó má sọ̀ ọ́. Ó di apá ọ̀tún obìnrin náà mú, Fúnṣọ́ di ti òsì, wọ́n sì gba ọ̀pá.

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu, a ti mú yín."

"Ẹ dákun, ọkọ̀ mi—"

"Ọkọ̀ ti dé, Màmá! Ọ̀fẹ́ ni!"

"Ọ̀pá mi dà?"

"Ẹ ò ní nílò ọ̀pá mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́ òní!"

Gbogbo ọkọ̀ dáhùn, "Àmín o!" Wọ́n gbé e wọlé bí àpò ìrẹsì, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ̀ sì ṣí.

Gèlè ló kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọkọ̀ yìí ń lọ?"

"Adó ni, mà. Ìsọjí ni."

"Adó kẹ̀? Ẹmùré ni mò ń lọ!"

Mo bojú wo ẹ̀yìn. Ọ̀nà Ẹmùré ti wà lẹ́yìn wa.

Ó sọ fún mi pé Ìbíwùmí lorúkọ òun. Tẹniọlá ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ náà. "Ulé ẹ̀gbọ́n mi Akínwándé ni wọ́n ti máa mú un jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ní ẹsẹ̀ òun ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà bí mi ò bá tíì gbọ́wọ́ lé òun lórí kí n súre. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á rán ọkọ̀ wá gbé mi. Mo ní rárá, mo máa dá wá, bí mo ṣe máa ń dá lọ sọ́jà. Bí mi ò bá wá débẹ̀ lásìkò, wọn ò tún ní jẹ́ kí n dá jáde mọ́ láyé."

Ó gbóhùn sókè. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ dúró!"

Obìnrin kan lẹ́yìn wa pariwo, "Ẹ gbọ́ ọ! Ohun tó so ó mọ́lẹ̀ ni ò fẹ́ kó débẹ̀!"

"Ohun tó so mí mọ́lẹ̀ ò ju ẹ̀yin yìí lọ!" ni Ìyá Ìbíwùmí dá a lóhùn.

Bùrọ́dà Ebenezer dá orin. Gbogbo ọkọ̀ gbè é, àtẹ́wọ́ ń dún gbàgà-gbàgà.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni èmi, tí n ó dá orin ìjọ dúró? Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Olúwa á bù kún ọ, àbúrò mi. Láti àárọ̀, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Ohùn mi ò borí orin wọn. Bá mi fọwọ́ kan dẹ́rẹ́bà kó dúró. Fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Mo dìde. Mo fọwọ́ kan án. Ọkọ̀ dúró, orin náà sì já sáàárín.

Ìyá Ìbíwùmí dìde dúró.

"Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Inú rere lẹ fi gbé mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo gèlè orí mi. Ṣé gèlè ìsọjí nìyí? Epo pupa ni mò ń ṣe tà. Òun ni mo fi tọ́ ọmọ mi dé ipò tíṣà. Ọmọ náà ló ń relé ọkọ lónìí ní Ẹmùré. Mo dúró ní gáréèjì kí n lè gbọ́ ẹni tó ń pe 'Ẹmùré'. Etí ni mo fi ń wá ọkọ̀ mi kí ẹ tó fọwọ́ gbé mi."

Gbogbo ojú yí sí gèlè náà.

"Yéè!" Fúnṣọ́ gbá orí mú lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ìyá ìyàwó la jí gbé!"

Ẹ̀rín bú sọ́kọ̀. Ìyá Ìbíwùmí pàápàá rẹ́rìn-ín. Bùrọ́dà Ebenezer nìkan ni ò lè rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo rò pé... ẹni tí ò ríran, lọ́jọ́ ìsọjí..."

"Ibi tí ìwọ máa ń lọ lójoojúmọ́ ni èmi náà máa ń lọ. Ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé àna."

"Kí ló yẹ kí n ti ṣe, mà?"

"Kí mi. Dárúkọ ara rẹ, kí n mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Bi mí bóyá mo fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kí o sì dúró gbọ́ èsì. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bi mí pé irú èwo. Bí mo bá ní rárá, má bínú, máa bá tìẹ lọ. Bí a bá jọ ń rìn, jẹ́ kí èmi di apá rẹ mú. Má wọ́ mi. Ọ̀pá mi, má gbà á lọ́wọ́ mi láé. Ṣé èèyàn máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ láàárín ọ̀nà?"

Bùrọ́dà Ebenezer dá ọ̀pá padà fún un. Ó wá wú ikọ́ bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ebenezer lorúkọ mi. Ṣé kí n bá yín dá ọkọ̀ Ẹmùré dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ebenezer. Èyí gan-an ni mo fẹ́."

A pàtẹ́wọ́ fún un.

Píkọ́ọ̀pù kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ti Adó bọ̀. Ẹmùré ló ń gbà kọjá. Àyè ẹnì kan ló kù níwájú.

"Àbúrò mi," ni Ìyá Ìbíwùmí wí, "ṣé wàá bá mi débẹ̀? Ìrẹsì wà o."

N kò mọ ìgbà tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àfi kí èmi gun orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Orúnkún mi kọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo ń kérora. Ìyá Ìbíwùmí gbọ́ mi. Ó sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn mí.

"Ṣé kí n ràn ọ́ lọ́wọ́?"

Ó sì dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ibo ni kí n dì mú?"

"Ìgbọ̀nwọ́ mi."

Ọwọ́ tó ti ń gún ẹyìn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ló gbé mi sókè fìrì! Àwọn ará bọ́ọ̀sì hó yèè. Fúnṣọ́ sáré wá láti gbé Ìyá Ìbíwùmí náà síwájú ọkọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó rántí, ó kó wọn sẹ́yìn.

"Màmá, ṣé kí n...?"

"Rárá, ọmọ mi. Sọ ibi tí ilẹ̀kùn wà fún mi, ó tó."

"Ọwọ́ ọ̀tún yín, mà."

Ó wọlé fúnra rẹ̀.

Ní Ẹmùré, ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, ó fọwọ́ lẹ́rán, kò jáde. Wọ́n ti ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì títí ó ti sú wọn. Bó ṣe rí gèlè ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fò sókè.

"Yèyé mi!"

"Rọra o, má fi tìróò kùn mí láṣọ."

Ó kúnlẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó súre. Gbogbo wa ń ṣe àmín, omi ń bọ́ lójú mi.

A ò tíì nu ojú tán tí Bàbá Akínwándé fi dé. "Ìbíwùmí, ṣé mi ò sọ fún ọ? O ò gbọdọ̀ dá rìn mọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, ojú mi kọ́ ló ṣì mí lọ́nà. Ọwọ́ àwọn olójú ni. Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá ti débí kí ẹ tó wẹ̀."

Ẹ̀rín pa wá. Bàbá náà na ọwọ́ láti fà á lọ sínú ọkọ̀. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú.

"Ó dáa. Ṣé... kí n mú ọ dé ọkọ̀?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mi ni mo fẹ́ bá rìn."

Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n jáde. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun nìkan ló dá padà sí Ìgbàrà-Odò. Bàbá Akínwándé sìn ín dé gáréèjì ni, ó bèèrè kó tó sìn ín.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má tìtorí ìtàn yìí dẹ́kun àtirànnilọ́wọ́. Ẹ ran èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ni kó ṣáájú ọwọ́. Ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ má tì í láìbi í. Ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹ dojú kọ ọ́ kó lè rí ẹnu yín. Bí ẹlòmíràn bá tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bó bá ní òun ò fẹ́, àgbàlagbà ló sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ gbà fún un.

Orúnkún mi ṣì ń dùn mí o. Bí ẹ bá bá mi nídìí àtẹ̀gùn, ẹ bi mí kí ẹ tó fà mí.